Fèrèsé Ìkìlọ̀ Tí Kò Kún Ojú Fóònù

Inú ń bí mi bí mo ṣe jókòó láti kọ èyí, n kò sì ní fi pamọ́ fún ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ronú irú iṣẹ́ tí ẹ máa yàn. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo ní Kumasi yìí: mo ń to ọ̀rọ̀ síbi tí ojú yóò ti rí i. Orí ìwé ni mo ti kọ́kọ́ ń tò ó, ó di inú kọ̀ǹpútà, ó wá di ojú fóònù. Àwọn kan máa ń sọ pé iṣẹ́ mẹ́ta nìyẹn. Irọ́ ni. Iṣẹ́ kan náà ni. Bí ọ̀rọ̀ kò bá dé ojú ẹni tó yẹ kó rí i, ẹni tó tò ó ló jẹ̀bi, kì í ṣe ojú. Ó tó ọdún mẹ́rìndínlógójì kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé mi, ọmọ bíbí inú mi ni wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi jìyà àìmọ̀ mi.

Fante New Town ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, bàbá mi ń ta abọ́ àti ìkòkò lọ́jà. Twi ni mo fi ń bá àwọn ẹgbẹ́ mi ṣeré, Hausa ni mo fi ń dáhùn nílé kéwú, Yorùbá ni ìyá mi fi ń bá mi wí. Nígbà tí mo parí sẹ́kọ́ńdìrì, bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Mensah tó ní ilé ìtẹ̀wé ní òpópónà kejì sí tiwa. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ irú ènìyàn tí Ọ̀gá Mensah jẹ́. Pósítà òkú ni a ń tẹ̀ jù lọ, nítorí pé ní ìlú yìí, bí àgbàlagbà bá kú, gbogbo ògiri àdúgbò ló gbọ́dọ̀ gbọ́. Oṣù mẹ́fà gbáko ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Rúlà ló fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n máa wọn etí ìwé: ìka méjì lókè, ìka méjì nísàlẹ̀, ìka kan àbọ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Mo wọ̀n ọ́n títí ojú mi fi lè mọ ìka kan yàtọ̀ sí ìka kan àbọ̀ láìlo rúlà. Lọ́jọ́ kan, orúkọ olóògbé kan gùn, mo fà á sún mọ́ etí ìwé kí ó lè tóbi dáadáa. Ọ̀gá gbé pósítà náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Ta ló ń lé ọ?" ó béèrè.

"Kò sẹ́ni tó ń lé mi, Ọ̀gá."

"Kí ló dé tí o fi ń sá lọ sí etí ìwé? Fún ìwé láàyè kó mí."

Ó fa gbogbo rẹ̀ ya, ó ní kí n tún un tò. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi ju ìgbà mẹ́wàá lọ láàárín ọdún mẹ́ta. Mo bínú sí i nígbà náà. Nígbà tí mo di ọ̀gá ara mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nísinsìnyí tí mo ti fẹ̀yìn tì, mo tún padà bínú sí i, nítorí pé ó fún mi lófin, kò sì sọ ìdí tí òfin náà fi wà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́, bí ọ̀gá bá fún yín ní òfin, ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ohun tó wà fún. Bí ó bá nà yín nítorí ìbéèrè, ẹ tún béèrè lọ́la.

Táíràítà àti pépà sítẹ́ńsù, pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń ṣe ẹ̀dà, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ṣi lẹ́tà kan lórí sítẹ́ńsù, o máa fi oje pupa kan kùn ún, wàá dúró kó gbẹ, wàá tún un tẹ̀. Ìdúró yẹn máa ń kọ́ èèyàn ní sùúrù. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé, àṣìṣe di ohun tí ìka kan lè pa rẹ́, sùúrù sì bá a lọ. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń to lẹ́tà tí a fi òjé rọ ní ilé ìtẹ̀wé wa kò kọ́ ọ, wọ́n ní eré ọmọdé ni. Láàárín ọdún méjì wọn kò níṣẹ́ mọ́. Èmi kọ́ ọ, kì í ṣe pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ, ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ti bí Kúbúrá nígbà náà, bàbá rẹ̀ sì kú nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ kan ṣoṣo ni. Èmi ni ìyá tó ń yọ egungun ẹja fún ọmọ títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó ń tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dá wọkọ̀. Àwọn aládùúgbò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, fóònù ti gba ojú gbogbo ènìyàn, pósítà pàápàá ti ń di ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Mo lọ sí Ayigya, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Yaw ti dá ilé iṣẹ́ kékeré sílẹ̀. Áàpù ni wọ́n ń ṣe, ìyẹn ètò tí à ń gbé sínú fóònù. Àwọn ọmọ náà mọ kóòdù, èdè tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́, bí ẹni mọ ọ̀nà ilé, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ọ̀rọ̀. Wọ́n lè kọ gbólóhùn mẹ́ta sí ibi tí ojú kò lè ka ẹyọ kan. Wọ́n gbà mí láti máa to ojú ìwé fún wọn. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kọ́ kóòdù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí mo lè bí.

"Màámé," Yaw máa ń wí, "orí yín pé ju ti àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ."

"Orí mi kò pé. Mo ń ka ohun tí mo kọ kí n tó sọ pé ó ti parí."

Ọdún mẹ́wàá kọjá bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó tóbi jù tí a ṣe ni áàpù fún àwọn ilé oògùn kéékèèké. Ó ń tọ́jú orúkọ oníbàárà àti oògùn tí ara oníkálukú kì í gbà. Bí ẹni tó ń tà bá yan oògùn tí ara oníbàárà kò gbà, fèrèsé kékeré kan á ṣí lójú fóònù, á kìlọ̀ pé: má ta èyí fún un. Èmi ni mo ṣe fèrèsé náà. Mo fi àlàfo sí i yí ká bí Ọ̀gá Mensah ṣe kọ́ mi, kí ó lè mí. Yaw yìn ín.

"Ó dára bẹ́ẹ̀, Màámé. Ẹni tó ń lò ó ń rí ojú ìwé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò dà bí ẹni pé a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Ohun kan tún wà tí n kò ronú sí. Fóònù fúnra rẹ̀ ní àṣà kan: bí fèrèsé bá ṣí tí kò kún ojú fóònù, tí ìka sì kan àlàfo tó yí i ká, fóònù á rò pé o ti rí i tán, á sì pa fèrèsé náà dé. Mo mọ̀ ọ́n. N kò yí i padà. Kò sẹ́ni tó béèrè, èmi náà kò sì béèrè lọ́wọ́ ara mi. Yorùbá ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.

Alájì Làmídì ní ilé oògùn ní Dichemso. Ará Ọ̀yọ́ ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, gbogbo wa ló ń bọ̀wọ̀ fún un. Nígbà tó gba áàpù wa, mo bẹ̀ ẹ́ kó gba Kúbúrá síbẹ̀ láti máa tajà. Mo ti wo gbogbo ibi tí ọmọbìnrin lè ṣiṣẹ́ ní ìlú yìí, mo rí ewu níbi gbogbo, àfi ibẹ̀. Ilé oògùn mọ́ tónítóní, ọ̀gá rẹ̀ ń kírun, áàpù ìyá rẹ̀ ló sì ń ṣọ́ ọ. Kúbúrá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà débi tí yóò fi gba ìwé àṣẹ tirẹ̀, Alájì sì ti ṣèlérí láti dúró fún un.

Alájì ní òfin kan. Kò gbà kí wọ́n pariwo ohun tó ń ṣe oníbàárà ní gbangba. Bí fóònù bá kìlọ̀, kí ọmọ tó ń tajà má kà á sókè, kí ó gbé fóònù wá fún òun nídìí àga òun, òun á kà á fúnra òun, òun á sì pàṣẹ. Òfin tó dára ni. N kò bá a jà lórí ìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, obìnrin kan tó ń jẹ́ Adwoa wá ra oògùn fún ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó ti rà níbẹ̀ rí, orúkọ ọmọ náà wà nínú áàpù. Kúbúrá yan oògùn tó béèrè. Fèrèsé ìkìlọ̀ ṣí. Kúbúrá gbé fóònù tọ Alájì lọ bí òfin ṣe wí. Alájì wò ó, ó mi orí, ó ní, "Ó dáa, fún un." Kúbúrá tà á. Lálẹ́ ọjọ́ náà ara ọmọ náà wú, ètè rẹ̀ bó, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀. Ó yè, Àlùhámídùlílàhì. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé yóò yè.

Alájì búra pé òun kò rí ìkìlọ̀ kankan, orúkọ oògùn nìkan ni òun rí, òun rò pé Kúbúrá kàn wá gbàṣẹ láti tà á ni. Kúbúrá sunkún pé ìkìlọ̀ ni òun gbé fún un. Yaw ṣí àkọsílẹ̀ áàpù wò. Gbogbo nǹkan tí a bá ṣe ló ń kọ sílẹ̀. Ohun tó kọ nìyí: ìkìlọ̀ ṣí, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá, ẹni tó ń lò ó pa ìkìlọ̀ dé.

"Ẹni tó ń lò ó," Yaw tún kà á. "Màámé, ẹ má bínú. Àṣìṣe ènìyàn ni."

Àṣìṣe ènìyàn! Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu ọ̀gá, ẹ ṣọ́ra. Ẹni tó kéré jù nínú yàrá ló máa ń jẹ́ ènìyàn lọ́jọ́ náà. N kò tíì rí ibi tí ọ̀gá ti ṣe àṣìṣe tí wọ́n pè é ní àṣìṣe ènìyàn.

Alájì ní kí Kúbúrá máa lọ sílé. Ó ní òun máa kọ̀wé sí àwọn tó ń fún ilé oògùn láṣẹ, pé ọmọ náà pa ìkìlọ̀ dé kó tó gbé e fún òun. Bí ìwé yẹn bá lọ, Kúbúrá kò ní gba ìwé àṣẹ láéláé. Adwoa náà ti ń sọ̀rọ̀ ọlọ́pàá.

Èmi náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo dájọ́ ọmọ mi. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta.

"Kúbúrá, ṣé o tẹ̀ ẹ́?"

"Màámi, n kò tẹ nǹkan kan."

"Bóyá o ń kánjú."

"N kò kánjú. Mo gbé e fún wọn bó ṣe wà."

"Àkọsílẹ̀ sọ pé o pa á dé."

"Ta ló ṣe àkọsílẹ̀?" ó béèrè, ó sì yí ojú sí ògiri.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, n kò sì lè rò ó pé áàpù náà lè purọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gba ẹ̀rọ gbọ́ ju ọmọ mi lọ. Nǹkan yìí ń bí mi nínú títí di òní, kò sì sẹ́ni tí mo lè bínú sí lórí rẹ̀ àfi ara mi.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo gbé áàpù náà sínú fóònù tèmi, mo fi orúkọ àròsọ kan àti oògùn tí ara rẹ̀ kò gbà sí i, mo sọ fún Kúbúrá pé, "Ṣe é bí o ṣe ṣe é lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi ni Alájì." Mo jókòó sórí àga. Ó yan oògùn, ìkìlọ̀ ṣí, mo rí i láti ibi tí mo wà. Ó rìn wá, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé fóònù fún mi. Nígbà tí mo gbà á, orúkọ oògùn nìkan ló wà níbẹ̀.

"Kúbúrá, ìkìlọ̀ náà dà?"

Ó yọjú wò ó. "Màámi, ó wà níbẹ̀ nígbà tó wà lọ́wọ́ mi!"

Mo ní kó tún un ṣe, mo sì wo ọwọ́ rẹ̀. Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ méjì gbé fóònù fún àgbà, àtàńpàkò méjèèjì máa ń jókòó sórí gíláàsì, nísàlẹ̀, ní igun ọ̀tún àti igun òsì. Ibẹ̀ gan-an ni àlàfo mi wà. A ṣe é lẹ́ẹ̀méje. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni ìkìlọ̀ lọ. Mo wá ní kó fi ọwọ́ kan jù ú sí mi bí ẹni ń fún ọmọdé ní bisikíìtì. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní òun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Mo fipá mú un. Ìkìlọ̀ dúró digbí.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ bá ń lo áàpù mi, ìkìlọ̀ ń dúró. Bí ọmọ tí a kọ́ bá ń lò ó, ìkìlọ̀ ń sá. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Èmi ni mo kọ́ ọ láti kékeré pé ọwọ́ méjì ni à ń fi fún àgbà ní nǹkan. Ẹ̀kọ́ ilé tí mo fún un ni fèrèsé tí mo ṣe fi ń dá a lẹ́bi. Mo kígbe débi pé aládùúgbò kan kanlẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ Ajé, gbogbo wa pàdé ní ilé oògùn Alájì: Alájì lórí àga rẹ̀, Yaw nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, èmi, àti Kúbúrá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò. Yaw ti tẹ àkọsílẹ̀ sórí ìwé. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

"Dúró ná," mo wí. "Mú ìkìlọ̀ náà jáde lórí fóònù tìrẹ. Kí Alájì kà á sí wa létí, kí gbogbo wa mọ ohun tí ọmọ mi pa mọ́."

"Kò le, Màámé." Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. "Òun nìyí."

"Fún wọn."

Àṣáńtì ni Yaw, ìyá rẹ̀ kọ́ ọ dáadáa. Ó dìde, ó tẹrí ba, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé fóònù náà, ó fi ọwọ́ òsì ti ìgúnpá ọ̀tún lẹ́yìn, ó sì yí fóònù náà kí ó kọjú sí Alájì. Bó ṣe ń yí i, àtàńpàkò rẹ̀ fà kọjá nísàlẹ̀ gíláàsì.

Alájì ti awò ojú rẹ̀ sókè. "Kí ni kí n kà? Orúkọ oògùn ni mò ń rí."

Yaw yọjú wò ó. "Sɛbe, Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Ó tún tẹrí ba. Alájì tún gbà á, ó wò ó, ó ní, "Yaw, ó jọ pé ìkìlọ̀ yín ń tijú àgbà."

Obìnrin kan tó wá ra oògùn ikọ́ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Yaw, ṣí àkọsílẹ̀ rẹ. Kí ló kọ báyìí?"

Ó ṣí i. Kò fẹ́ kà á.

"Ẹni tó ń lò ó pa ìkìlọ̀ dé," ó kà á jẹ́jẹ́. "Lẹ́ẹ̀mejì."

"Ta ni ẹni náà?"

Yaw ń ká ìwé ọwọ́ rẹ̀ pọ̀.

"Ìwọ ni. Ṣé kí Alájì kọ̀wé nípa ìwọ náà?"

Alájì gbé fóònù náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó wo Kúbúrá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Mo ti sọ fún ìyá ọmọ náà pé ìwọ lo pa á dé." Lẹ́yìn náà ó ní, "Wá síṣẹ́ lọ́la." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n Alájì kò kúnlẹ̀ rárá, n kò sì tíì dárí jì í tán.

Nígbà tí a jáde, Yaw fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Màámé, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa tún fèrèsé náà ṣe kíákíá. A óò fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé oògùn. Kò sí ìdí tí a fi máa sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Kọ ọ́ sílẹ̀ kọ́kọ́, pé áàpù ló jẹ̀bi, kì í ṣe Kúbúrá, kí o sì sọ fún ilé oògùn kọ̀ọ̀kan ìdí tí a fi yí i padà."

"Wọ́n á sá kúrò lọ́dọ̀ wa."

"Ó dáa. Wá ẹlòmíràn tí yóò tún un ṣe."

Ó mọ̀ pé kò sí. Ó kọ ọ́ ní ọjọ́ kejì, ó fọwọ́ sí i, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kó yọ ọ̀rọ̀ "bóyá" tó wà ní ìlà kẹta. Ó yọ ọ́. Ìgbà náà ni mo jókòó sídìí iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ohun tí mo ṣe nìyí. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé tó júwe fèrèsé náà pé kó fẹ̀ dé etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fóònù kò dá mi lóhùn. Ọjọ́ kan àbọ̀ ni mo fi bá a jà kí n tó mọ̀ pé kì í ka ìwọ̀n tí o kọ sílẹ̀ fún irú fèrèsé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí fèrèsé náà bá ti ń yọ jáde ni kí o tó pàṣẹ fún un pé kó kún ojú fóònù. Nígbà tó gbọ́, àlàfo tín-ín-rín kan ṣì ṣẹ́ kù yí i ká. Àwọ̀ ẹ̀yìn tí fóònù fúnra rẹ̀ fi ń wọ fèrèsé ló gbé àlàfo yẹn wá. Mo bọ́ ọ kúrò, mo fi àwọ̀ kan ṣoṣo tí kò ní etí rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ti gbogbo ọ̀nà àbùjá: ìka tó bá kàn án lásán kò lè pa á dé mọ́, bọ́tìnì ìpadàsẹ́yìn kò lè pa á dé. Mo gbé bọ́tìnì "Mo ti kà á" kúrò nísàlẹ̀ níbi tí àtàńpàkò ń jókòó sí, mo gbé e sí àárín, mo sì ṣe é kó jẹ́ pé àfi kí o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ìsàlẹ̀ fèrèsé náà ṣófo báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ mẹ́wàá gbé e fún àgbà, kó gbé e.

Mo ní kí gbogbo àwọn ọmọ ilé iṣẹ́ wá gbé e fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó sórí àga, wọ́n ń tẹrí ba, wọ́n ń kúnlẹ̀, ọ̀kan nínú wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀. "Chale, ọ̀rẹ́, Màámé ti joyè," wọ́n ń wí. Ìkìlọ̀ kò lọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ tí a fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé oògùn, mo kó rúlà mi àti gíláàsì ojú mi, mo fiṣẹ́ sílẹ̀. Ojú mi ti ń rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ló jẹ́ kí n lọ. Mi ò lè jókòó mọ́ sínú yàrá tí wọ́n ti sọ pé ọmọ mi ni àṣìṣe ènìyàn.

Iṣẹ́ kan ló kù. Adwoa, ìyá ọmọ tó ṣàìsàn náà, kò tíì gbọ́. Yaw ní òun máa fi ìwé ránṣẹ́ sí i, Alájì ní òun máa rán ènìyàn. Mo sọ fún Kúbúrá kó wọ hìjáàbù rẹ̀, kó jẹ́ ká lọ. Kò fẹ́ lọ. Ó ní obìnrin náà ti tutọ́ síwájú ẹsẹ̀ òun ní ọsibítù. Mo ní, "Ìdí nìyẹn tí a fi ń lọ."

Adwoa ń lọ ata níwájú ilé rẹ̀ ní Dichemso nígbà tí a dé. Ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi òkúta ṣeré, ètè rẹ̀ ti jinná, àmọ́ ibi tó ti bó ṣì funfun. Nígbà tí Adwoa rí Kúbúrá, ó dìde, ó di ọmọ ọlọ mú lọ́wọ́.

Twi ni mo fi bá a sọ̀rọ̀. Mo fún un ní ìwé tí Yaw fọwọ́ sí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́: fèrèsé náà, àlàfo náà, àtàńpàkò ọmọ mi. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Kò wo ìwé náà.

"Ọmọbìnrin yìí kò pa á dé?"

"Kò pa á dé."

"Alájì ńkọ́?"

"Kò rí i. Òótọ́ ni Alájì sọ."

"Ta ló wá ṣe nǹkan inú fóònù yẹn?"

"Èmi ni."

Ó gbé ọmọ ọlọ sílẹ̀. Ó wọlé lọ. Nígbà tó jáde, ó gbé àga kan dání, ó nù ún pẹ̀lú etí ìró rẹ̀, ó gbé e síwájú Kúbúrá, ó ní, "Jókòó, ọmọ mi." Kúbúrá wò mí. Mo mi orí sí i pé kó jókòó. Ó jókòó.

Adwoa kò gbé àga fún mi. Ìdúró ni mo wà títí a fi sọ̀rọ̀ tán.